Bàálù ogun tí ọta bà: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i kó tó tún fò

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó Yàgbà àti ti Búnú di ibùba, ariwo bàálù ológun kò sì jẹ́ tuntun mọ́ létí ará Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú tàbí Kabba. Ọmọdé á sáré jáde, àgbà á fọwọ́ ṣíji bojú, á máa wò ó títí á fi wọ inú ìkùukùu. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀ níbùdókọ̀: mélòó ni Nàìjíríà tiẹ̀ ní? Tí àwọn tó wà nínú igbó bá yìnbọn bà á ńkọ́, ṣé ó ti parí fún un nìyẹn?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni àwọn oníròyìn fẹ́ràn. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Bàálù tí wọ́n já bọ́, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́. Ní ọjọ́ 18, oṣù Keje, ọdún 2021, àwọn agbébọn já Alpha Jet kan bọ́ ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Awakọ̀ rẹ̀, Flight Lieutenant Abayomi Dairo, já ara rẹ̀ jáde, ó balẹ̀, ó sì fi òkùnkùn bojú títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìròyìn ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú ogun yòówù, bàálù tó ń fi ihò lára padà délé máa ń pọ̀ ju èyí tó jábọ́ lọ, òun ni kò sẹ́ni tó ń ròyìn rẹ̀. Ká ní orílẹ̀-èdè kan ní bàálù ogun méjìlá. Mẹ́ta wà lórí àtúnṣe tí àsìkò rẹ̀ tó, méjì ń dúró de sípíà páàtì, méjì gbọgbẹ́ bọ̀ lánàá. Márùn-ún péré ló kù fún òwúrọ̀ ọ̀la, márùn-ún yẹn sì ni ọ̀tá yóò bá jà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí èyí kedere lọ́dún 1940, nígbà tí bàálù Jámánì ń ya bo ojú ọ̀run wọn. Nínú gbogbo bàálù ajagun tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú wọn lásìkò náà, tuntun láti iléeṣẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdá 35 yòókù ti gbọgbẹ́ rí, wọ́n tún un ṣe ni. Wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un, Civilian Repair Organisation, tí àwọn gáréèjì àtàwọn iléeṣẹ́ tí kì í ṣe ti ológun wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn bàálù ajagun wọn, Hurricane ló dùn ún tún ṣe jù. Láti ẹ̀yìn awakọ̀ lọ dé ìrù rẹ̀, páìpù irin ni egungun rẹ̀, igi pẹlẹbẹ wà lórí rẹ̀, aṣọ linen ni wọ́n fi bò ó, wọ́n wá kun ún ní ọ̀dà kó lè le dan-in. Ọta á gba ọ̀tún wọlé, á gba òsì jáde, láìpàdé nǹkan kan tó lè fọ́ lọ́nà. Wọ́n á gé aṣọ, wọ́n á rán an mọ́ ọn, wọ́n á kun ún, ó parí. Ti Spitfire, bàálù ajagun wọn kejì, kò rí bẹ́ẹ̀. Páánù àlùmíníọ̀mù tó bo ara rẹ̀ ń bá egungun gbé ẹrù, kì í ṣe aṣọ lásán. Bí páánù náà bá lu, agbára ara rẹ̀ ti dín kù nìyẹn. Gbogbo bàálù ogun òde òní, ẹbí Spitfire ni wọ́n ní ti èyí.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án ná

Bí bàálù tó gbọgbẹ́ bá ti dúró, ìṣọ́ra ló kọ́kọ́ dé, irinṣẹ́ kò tíì kàn. Ẹ̀tù wà lábẹ́ àga awakọ̀, òun ló ń ta á síta nígbà ìjàǹbá. Bí ọta bá ti ba ibẹ̀ jẹ́, ẹni tó bá fi ìkánjú gun orí rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lókè àjà. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ ki pín-ìn-nì tó ní ríbọ́ọ̀nù pupa bọ ojú ihò rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù á yẹ èyí tó ṣẹ́kù lábẹ́ ìyẹ́ wò, wọ́n á sì wò ó bóyá ọta kan wà nínú ara bàálù tí kò tíì bú. Wọ́n á so wáyà mọ́ ọn wọ ilẹ̀ kí iná ara má baà ṣẹ́ná, wọ́n á yọ orí bátìrì, wọ́n á ti ọ́síjìn pa, wọ́n á fa epo kúrò. F-16, bàálù ogun Amẹ́ríkà kan, tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: táńkì kékeré kan tí hydrazine wà nínú rẹ̀, májèlé tí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn. Bí iyèméjì kan bá wà nípa táńkì yẹn, kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ ọn láìwọ aṣọ ààbò.

Lẹ́yìn èyí ni ayẹgbẹ́wò, ẹni tó ń yẹ ọgbẹ́ bàálù wò, á tó dé. Òun ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí gan-an, ohun tó sì ń gbé lọ́wọ́ kò ju tọ́ọ̀ṣì, dígí olọ́wọ́ gígùn, ṣọ́ọ̀kì àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Ó ń wá ojú ibi tí ọta gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Ihò tí ọta AK dá, èyí tó jẹ́ mìlímítà 7.62, kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ níta. Ìka ọwọ́ kékeré lè má wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ tó gbà jáde ni á ti ya bí òdòdó, páánù á ṣẹ́ sóde ní etí mẹ́rin márùn-ún. Bí ihò ìwọlé bá wà tí kò sí ti ìjáde, ọ̀rọ̀ ti di méjì: ọta ṣì wà nínú, ó sì ti já nǹkan kan kó tó dúró. Ayẹgbẹ́wò á ki ọ̀pá bọ ihò kan títí tí yóò fi yọ ní ìkejì, á sì ṣí gbogbo páánù tó wà lójú ọ̀nà náà. Ibi tí iṣẹ́ sábà ń bàjẹ́ nìyí. Ẹni tó ń kánjú á dí ihò méjì tó rí, láìmọ̀ pé àfọ́kù ọta ti fò sí ẹ̀gbẹ́, ó ti jẹ ara páìpù epo dé ìdajì. Páìpù náà kò jò lórí ilẹ̀. Òkè ni yóò ti já.

Gbogbo ọgbẹ́ ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì yí ká, tí wọ́n ń fún ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni ìpinnu: ẹ jẹ́ kó máa fò bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ náà kò dí nǹkan kan lọ́wọ́, tàbí ẹ tún un ṣe níbí lónìí, tàbí ẹ di í mú kó lè fò lẹ́ẹ̀kan péré lọ sí iléeṣẹ́ àtúnṣe ńlá, tàbí ẹ jẹ́ ká máa yọ ara rẹ̀ fi tún àwọn yòókù ṣe. Nígbà àlàáfíà, ìwé tí iléeṣẹ́ tó ṣe bàálù kọ ló ń pàṣẹ, ọgbẹ́ tó bá sì ju ohun tó wà nínú ìwé lọ, wọ́n á kọ̀wé sí wọn, wọ́n á dúró de èsì. Nígbà ogun, ìbéèrè yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá á padà rí bíi tuntun. Wọ́n ń bèèrè bóyá á lè jà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i kó sì gbé awakọ̀ rẹ̀ délé. Ẹni tí kò bá lóye ìyàtọ̀ yìí á máa rò pé iṣẹ́ gbàrọgùdù ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni, ìwé tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Pátì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká mú ọgbẹ́ tó wọ́pọ̀ jù: ọta mìlímítà 12.7 ti lu páánù ìyẹ́ tó nípọn tó mìlímítà kan, etí rẹ̀ sì ti ya. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gé ibi tó ya kúrò títí ihò náà fi rí roboto, ká ní mìlímítà 25 ní fífẹ̀. Roboto tàbí bí ẹyin, kò gbọdọ̀ ní igun. Igun ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi fáìlì ra etí rẹ̀ títí tí kò ní kọ́ aṣọ.

Páánù pátì, èyí tí wọ́n á fi bo ihò náà, máa ń fi ìwọ̀n kan nípọn ju ti ara bàálù lọ. Fún páánù mìlímítà kan, pátì á jẹ́ bíi 1.27, irú àlùmíníọ̀mù kan náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 2024-T3. Fífẹ̀ rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tí wọ́n fi ń so páánù pọ̀, gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta páánù tó nípọn jù nínú méjèèjì, ìyẹn mìlímítà 4 níhìn-ín. Láti etí páánù sí àárín rífẹ́ẹ̀tì, ìlọ́po méjì fífẹ̀ rífẹ́ẹ̀tì, 8. Láti rífẹ́ẹ̀tì kan sí ìkejì, ìlọ́po mẹ́rin, 16. Ìlà méjì yí ihò ká, ti òde má ṣe bọ́ sí ẹ̀yìn ti inú gan-an. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìlà inú á gba bíi mẹ́jọ, ti òde á gba bíi méjìlá, pátì náà á sì fẹ̀ tó mìlímítà 80. Ogún rífẹ́ẹ̀tì, fún ihò tí ẹyin adìẹ kò lè gbà kọjá.

Wọ́n á fi dírílì lu ihò, wọ́n á fi pín-ìn-nì onísípíríìngì di pátì mú kó má yẹ̀, wọ́n á tún tú u, wọ́n á ra èérún irin kúrò láàárín, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà, kí wọ́n tó wá dè é pátápátá. Ẹni kan á di òòlù afẹ́fẹ́ mú lóde, ẹnìkejì á fi irin wúwo ti ìdí rífẹ́ẹ̀tì nínú. Ìdí rífẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yọ tó mìlímítà 6 kí wọ́n tó lù ú. Bí wọ́n bá lù ú tán, orí tó dá nínú gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 6, kó ga tó 2. Bó bá fẹ̀ jù, wọ́n ti lù ú jù, ó ti ń sán. Bó bá ga jù, kò tíì di mọ́. Bó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, dírílì ni wọ́n á fi yọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ tuntun ló sì ń ba ihò jẹ́ níbi yíyọ yìí.

Ibi tí ọwọ́ kò bá lè dé ẹ̀yìn páánù, rífẹ́ẹ̀tì tó ń fa ara rẹ̀ dé láti iwájú ni wọ́n ń lò. Àwọn páńẹ́bítà wa ní Kabba náà ń lo irú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀pù. Ti ọjà kò ṣeé lò lára bàálù: ọ̀pá àárín rẹ̀ lè yọ jáde nítorí gbígbọ̀n, bó bá sì wà níwájú ẹnu ẹ̀ńjìnnì, inú ẹ̀ńjìnnì ló ń lọ. Ti bàálù ní òrùka kékeré tó ń ti ọ̀pá náà mọ́ inú. Páńẹ́bítà tún lè fi fílà dí ibi tó tẹ̀, kó kun ún, kó dán. Fílà kò gbé ẹrù kankan. Lára mọ́tò, kò séwu. Lára ìyẹ́, irọ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni.

Àwọn wẹ́dà á bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò kàn jó o pọ̀. Àlùmíníọ̀mù yìí, iná ni wọ́n fi fún un lágbára níléeṣẹ́, ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣọ́ gan-an. Iná wẹ́dà á gba agbára náà kúrò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó, ibẹ̀ á rọ̀, ojú ìjópọ̀ á sì sán. Ìdí kan náà nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rù bàálù tó gbiná ju èyí tó lu lọ. Ihò ṣeé rí. Páánù tí ooru ti rọ̀ kò yàtọ̀ lójú. Ọ̀dà ara rẹ̀ ló ń tú àṣírí: bó bá ti yí àwọ̀, tó wú tàbí tó ṣí, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń wọn líle irin wá, wọn kì í sì sábà tún irú ibẹ̀ ṣe, wọ́n máa ń gé e jùnù.

Ti sísán tún wà. Àwọn àgbà tó ti rí i bí wọ́n ṣe ń so igbá tó sán mọ̀ pé ihò kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ ń lu kí okùn tó gba inú rẹ̀. Lára bàálù náà, ihò ló ń dá sísán dúró: wọ́n á lu ihò roboto, bíi mìlímítà 3, sí òpin ibi tó sán dé, kí agbára tó ń ya á lè tú ká sí etí ihò náà. Ìṣòro ni pé ojú kì í rí òpin sísán. Wọ́n á fọ ibẹ̀, wọ́n á fi omi aró pupa kan pa á, wọ́n á dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n, wọ́n á nù ún nù, wọ́n á wá fọ́n ẹfun funfun lé e. Aró tó wọ inú sísán á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ẹfun, bí ìgbà tí abẹ́ bá ya ni lọ́wọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì dà. Òpin ìlà pupa yẹn kọ́ ni wọ́n ń lu. Iwájú rẹ̀ díẹ̀ ni.

Etí ló ń ríran

Bàálù ogun tuntun kì í ṣe páánù nìkan mọ́. Ọ̀pọ̀ lára ìyẹ́ àti ìrù F-35 àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ carbon fibre, okùn dúdú tí wọ́n tò ní ìpele ìpele tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lílágbára lẹ̀ pọ̀. Bí nǹkan bá gbá a, òde lè má ju ojú ẹ̀fọn lọ, kí ìpele inú sì ti ṣí kúrò lára ara wọn dé ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rọ tó ń wò ó wà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò kò ju owó ẹyọ kan lọ. Wọ́n á máa fi gbá a kọ́-kọ́-kọ́, láti ibi tó dára bọ̀ síbi tí wọ́n fura sí. Ibi tó dára á dún gbangba. Ibi tó ti ṣí á dún bọ̀m̀bọ̀m̀, bí ìkòkò tó ti sán. Ìyá tó ń ra ìkòkò lọ́jà Kabba mọ ìdánwò yìí dáadáa, òun náà kì í ra ìkòkò láìfi ìka gbá a. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tí ohùn ti yí padà ká, ó sì sábà máa ń fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Láti tún un ṣe bó ṣe yẹ, wọ́n á ra á wọlé ní dídagẹ̀rẹ̀, tí dídagẹ̀rẹ̀ náà á gùn tó ìlọ́po ogún jíjìn rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á to ìpele tuntun, wọ́n á fi nílọ́nù bò ó, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì fi ibora oníná sè é ní ooru tó lè tó ìwọ̀n Celsius 120 sí 177 fún wákàtí mélòó kan. Nínú ogun, wọ́n lè fi páánù irin dè é ní bóòtù dípò. Èyí náà ní ewu tirẹ̀: àlùmíníọ̀mù àti carbon kì í gbé pọ̀, ọ̀rinrin díẹ̀ báyìí, àlùmíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Títáníọ̀mù ló dára jù. Bí kò bá sí, ìpele gíláàsì kan gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì.

Wáyà àti epo pupa

Bí ihò bá ti dí, àwọn ará ìta á ní iṣẹ́ ti parí. Inú ló ń gba ọjọ́. Rìwáyà mọ́tò á lọ́ wáyà méjì pọ̀, á fi téèpù dúdú yí i, mọ́tò á ṣíná. Lára bàálù, gbígbọ̀n á tú u. Wọn kì í fi lẹ́ẹ̀dì jó o náà, nítorí wáyà á gan létí ibi tí lẹ́ẹ̀dì dé, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ́. Páìpù kékeré onírin ni wọ́n ń fi gbá orí méjèèjì mọ́ra, kí wọ́n tó fi rọ́bà tó ń sún kì nígbà tí ooru bá kàn án bò ó. Bí wáyà tó já bá jẹ́ ogún nínú ìdì kan, wọn kò gbọdọ̀ so gbogbo rẹ̀ lójú kan náà, wọ́n á pín in káàkiri kí ìdì náà má baà wú. Kí wọ́n tó so, nọ́ńbà ara wáyà ni wọ́n ń kà. Bí nọ́ńbà bá ti jó, mítà ni wọ́n á fi wá orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òru mọ́jú ni irú iṣẹ́ yìí. Wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ti rédà kò tilẹ̀ ṣeé so bẹ́ẹ̀, odindi rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀.

Epo pupa tó ń ti ìyẹ́ kéékèèké àti ẹsẹ̀ bàálù, èyí tí wọ́n ń pè ní hydraulic, tí kì í ṣe epo ọ̀pẹ, ló tún kàn. Fọkanáísà máa ń fún táyà mọ́tò kékeré ní nǹkan bí 30 lójú géèjì rẹ̀. Lórí géèjì kan náà, epo inú páìpù F-16 jẹ́ 3,000. Bí páìpù bá lu ihò abẹ́rẹ́, ìtújáde epo náà lè gún awọ ènìyàn wọlé bí abẹ́rẹ́ dókítà, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò, páálí ni wọ́n ń gbé kọjá níwájú rẹ̀. Páìpù tó bá já, wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ ìsopọ̀ irin mọ́ orí méjèèjì. Ọ̀gá ìṣòro ni èérún. Iyanrìn tí ojú kò rí tó láti mú fáàfù há nígbà tí awakọ̀ bá ń yí bàálù. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ń fẹ́ ní Kainji, níbi tí ibùdó bàálù ogun wa kan wà, bó ṣe ń fẹ́ ní Kabba, bíbo ẹnu páìpù gbogbo ní kété tí wọ́n bá ti tú u kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù.

Inú ìyẹ́ ni táńkì epo wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù ogun, nítorí náà pátì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dí epo pẹ̀lú. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi dí i lè gba ọjọ́ kan gbáko kó tó le. Ó fẹ́ ooru, ó sì fẹ́ ọ̀rinrin. Ọyẹ́ tó gbẹ máa ń jẹ́ kó pẹ́. Ọ̀gá ológun á máa pè lórí fóònù pé ṣé kò tíì tó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bu epo sí i kó tó le, wọ́n á fa epo náà kúrò, wọ́n á ha gọ́ọ̀mù náà nù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́nu. Pátì lára ìyẹ́ ńlá, ìwúwo rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Pátì kan náà lára ìyẹ́ kékeré tó ń mì lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí awakọ̀ fi ń dagun, lè pa ènìyàn. Wọ́n ti wọn ìyẹ́ kékeré yẹn bí ọlọ́jà ṣe ń wọn òṣùwọ̀n, iwájú àti ẹ̀yìn ojú ibi tí ó fi kọ́ báramu. Bí ìwúwo díẹ̀ bá kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí eré bá pọ̀, kó sì fa ara rẹ̀ ya láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Torí náà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un ṣe lórí tábìlì, wọ́n á wọ̀n ọ́n kó tó padà síbi tó wà.

Ẹ̀ńjìnnì ń kọ́? Wọn kì í sábà tún un ṣe lójú ogun, wọ́n ń yọ ọ́ ni, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Àwọn Sweden ṣe Gripen wọn kí wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ibẹ̀ ni kí wọ́n ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, irú èyí tí dókítà fi ń wo inú ikùn, kí wọ́n sì fi fáìlì ra ojú abẹ̀bẹ̀ tó bá já díẹ̀ títí á fi dán. Àwọn Ísírẹ́lì tilẹ̀ fi ọgbọ́n dín iṣẹ́ yìí kù: wọ́n fa ẹnu èéfín A-4 Skyhawk gùn sẹ́yìn, kí ohun ìjà tó ń lé ooru lè bú níbẹ̀, jìnnà sí ẹ̀ńjìnnì. Páìpù ni wọ́n wá ń pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ sípíà páàtì

Ọwọ́ lè mọ iṣẹ́, kí páàtì má sí. Ní oṣù Kẹrin, 2022, Amẹ́ríkà sọ pé bàálù ogun Ukraine tó ṣeé fò ti fi bíi ogún pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní bàálù. Páàtì ni wọ́n rí gbà, àwọn bàálù ogun MiG wọn tó ti dúró sì tún gbéra. Rọ́ṣíà náà mọ ibi tí agbára wà: ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún náà, ohun ìjà wọn bọ́ sórí iléeṣẹ́ àtúnṣe bàálù ní Lviv, níbi tí wọ́n ti ń tún MiG-29 ṣe. Iṣẹ́ ti dúró níbẹ̀ kó tó dé.

Bí páàtì kò bá sí rárá, ara bàálù kan ni wọ́n ń yọ fi tún èkejì ṣe. Ó dà bí ọgbọ́n, ó sì ń gbani nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni iṣẹ́ rẹ̀: ẹ yọ ọ́ níbí, ẹ dè é lọ́hùn-ún, ẹ padà wá wá òmíràn fún èyí tí ẹ yọ ọ́ lára rẹ̀. Páàtì kọ̀ọ̀kan sì ní wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ lò kó tó kú. Bí ìwé kò bá tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́. Àwọn Amẹ́ríkà fi ìlànà ṣe é dé góńgó: wọ́n mú F-35 kan tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ gbiná lọ́dún 2014, wọ́n fi imú rẹ̀ so mọ́ ara òmíràn tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣẹ́ lọ́dún 2020. Ó ná wọn ní mílíọ̀nù dọ́là 11.7, ó sì tún fò lọ́dún 2025.

Ti Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ tirẹ̀. Super Tucano méjìlá tó dé lọ́dún 2021, tó fi Kainji ṣe ilé, Amẹ́ríkà ló tà á fún wa. JF-17 mẹ́ta tó wà ní Makurdi wá láti Pakistan. Alpha Jet ti lé ní ogójì ọdún lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ṣe é sì ti dáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. A tún ti béèrè M-346 mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ Ítálì. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta mẹ́rin, ìwé àtúnṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, rífẹ́ẹ̀tì tí òṣùwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, irinṣẹ́ tí kò bára mu. Oníṣẹ́ tó mọ Super Tucano dénú kò lè ti bẹ́ẹ̀ kọjá sórí JF-17. Ìṣèlú tún wà nínú rẹ̀: nígbà tí bàálù Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn ogunléndé ní Rann ní oṣù Kìíní, 2017, Amẹ́ríkà dá títa Super Tucano dúró fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó lè dá títa bàálù dúró lè dá títa páàtì rẹ̀ dúró pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí aṣọ lójú bàálù tuntun, ìbéèrè tó yẹ kí àwọn aṣòfin bi ni iye ọdún páàtì tó bá a wá, àti bóyá ìwé àtúnṣe rẹ̀ gba àwọn oníṣẹ́ wa láyè láti ṣe pátì tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ láìkọ̀wé sí òkè òkun. Iléeṣẹ́ ológun òfuurufú ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Kaduna, ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀kun ló sì ti fi ojú sí iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọwọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ wọ́n wa.

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, oníṣẹ́ á fọwọ́ sí ìwé, orúkọ rẹ̀ á wà lábẹ́ ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó dí. Awakọ̀ á kà á, á sì rí ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un: má ṣe sá ju ìwọ̀n báyìí lọ, má ṣe yí i lójijì, má ṣe gbé bọ́ǹbù sábẹ́ ìyẹ́ òsì. Wọ́n á tan ẹ̀ńjìnnì, wọ́n á wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo pupa ń kán. Lẹ́yìn náà á gbéra láìgbé ohun ìjà kankan, á sì máa yí po nítòsí ibùdó, á gbé ẹsẹ̀ sókè, á tún sọ ọ́ kalẹ̀, á dagun sọ́tùn-ún, á dagun sósì. Ẹni tó bá wà ní New Bussa, nítòsí ibùdó Kainji, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ á kàn rí bàálù kan tó ń rìn gbéregbère lójú ọ̀run fún bí ìdajì wákàtí, bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Nísàlẹ̀, àwọn tó tún un ṣe kò tíì wẹ ọwọ́. Wọ́n ń dúró kó balẹ̀ kí wọ́n lè ka rífẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, bóyá ogún náà ṣì pé.